Ìgò 41, Lébẹ́ẹ̀lì 17: Bí Mo Ṣe Wá Orúkọ fún Aràn Inú Ẹran

Ọ̀sẹ̀ kìíní

Páálí mẹ́ta ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́, ìgò 41 ló sì wà nínú wọn. Aràn ni gbogbo rẹ̀, àwọn aràn gbọọrọ tó rí bí okùn, tí wọ́n ń pè ní nematode, tí wọ́n yọ lára oríṣiríṣi ẹran elégungun ẹ̀yìn: ajá, àgùntàn, adìẹ, ẹja, ọ̀pọ̀lọ́. Lébẹ́ẹ̀lì 17 péré ló ṣeé kà. Bírò ni wọ́n fi kọ ìyókù, ethanol, ọtí tí wọ́n fi tọ́jú aràn inú ìgò, sì ti fọ tàdáwà náà dànù. Ìwé òfìfo ló kù, omi ìgò wá di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ tí mo gbà ni pé kí n dá ohun tó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí n sì tò wọ́n sórí pẹpẹ bí wọ́n ṣe bára tan. Mo fọkàn sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló gbà mí.

Kí n tó gbé ohunkóhun sábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo da ìgò kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ, mo fi ojú lásán wò ó. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni bóyá irú aràn tí iṣẹ́ yìí kàn tilẹ̀ ni. Aràn tí mò ń wí kò pẹlẹbẹ, ara rẹ̀ kò pín sí oríkèé-oríkèé, kò sì ní àgógó ẹlẹ́gùn-ún lórí. Èyí tó bá pẹlẹbẹ bí ribọ́nù, ẹgbẹ́ mìíràn ló wà. Èyí tó bá na àgógó tó kún fún ìwọ̀ bí èèmọ́ síta, ẹgbẹ́ tiẹ̀ náà yàtọ̀.

Ìgò 6 ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ hàn ketekete: "Aràn, ìgbẹ́ ológbò." Mo fi ìka fà á láti ìrù wá sí orí, ó ń ha mí lọ́wọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Irun líle kéékèèké ló yí oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká. Ekòló ni! Ó ní láti jẹ́ pé ológbò yàgbẹ́ sórí ilẹ̀ tútù, ekòló rá wọ inú rẹ̀, ẹnì kan sì ṣà á sínú ọtí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ́ aràn.

Ìgò mẹ́rin ti gbẹ. Ìdérí wọn ò dé dáadáa, aràn inú wọn ti di bí òwú tó gbẹ síbi ìránṣọ. Mo po trisodium phosphate, gíráàmù 5 sínú lítà omi kan, mo rẹ wọ́n sínú rẹ̀ mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ti ìgò méjì ti rọ̀, wọ́n sì ti wú padà débi tí mo fi lè rí ètè wọn. Ti ìgò méjì yòókù fọ́ wẹ́wẹ́ nígbà tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì kàn wọ́n. Mo kọ wọ́n sílẹ̀ pé wọ́n ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Aràn tó ti pẹ́ nínú ọtí a máa funfun kíki, ojú kì í ríran kọjá awọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ inú ni gbogbo ohun tó ń sọ orúkọ rẹ̀ wà. Lactophenol ni mo fi ń sọ ọ́ di ohun tí a lè wò kọjá: phenol ìdá kan, lactic acid ìdá kan, gilisẹríìnì ìdá méjì, omi ìdá kan. Ẹni tó bá fẹ́ pò ó kó wọ ìbọ̀wọ́ o. Phenol ń jó awọ, ó sì ń mú kí ibi tó kàn kú tipiri, nítorí náà ó lè ti ṣe ọ́ léṣe kí o tó mọ̀.

Mo fi aràn kékeré kan sínú ẹ̀kán rẹ̀ lórí síláìdì, mo fi gíláàsì fẹ́lẹ́ bò ó, mo jókòó tì í. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni etí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí kùrukùrù ń ká. Ìfun ló kọ́kọ́ yọ, ìlà kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti orí dé ìrù. Ọ̀fun tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni òkùn ẹyin tó ká kiri inú ara. Nínú èyí tó jẹ́ akọ, ohun tó yọ kẹ́yìn ni ẹ̀gún méjì tó sùn sí ìrù, wọ́n ń dán bí abẹ́rẹ́ tó já sínú oyin. Ẹ̀gún yìí ni akọ fi ń ṣí ojú abẹ́ abo nígbà tó bá ń gùn ún. Ẹ̀gún akọ ni màá máa pè é lọ títí.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ dókítà ẹran yà wá wò mí lọ́jọ́ náà. Abo ńlá kan ni mo gbé sábẹ́ awò, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí, mi ò mọ ibi tí màá gbé e sí." Wọn ò tilẹ̀ tẹ̀ba wò ó. Wọ́n ní, "Àbúrò, akọ dà?" Mo ní abo nìkan ni mo tíì rí. Wọ́n ní, "Lọ wá akọ kí o tó pè mí."

Mo bínú díẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó wúlò fún mi tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Abo púpọ̀ jọra bí ìbejì, ìrù akọ ló ń tú àṣírí wọn.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, àṣìṣe tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe

Ìgò 11: "Ascaridia, inú adìẹ." Aràn ńlá wà níbẹ̀, wọ́n gùn tó sẹ̀ǹtímítà 7, àwọn wẹ́wẹ́ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ sì wà láàrin wọn. Ó hàn pé ẹni tó kó wọn jọ rò pé ìyá àti ọmọ ni. Mo mú wẹ́wẹ́ kan sínú lactophenol, ẹyin ló kún inú rẹ̀ bámú. Ọmọ kì í lóyún. Àgbà ni, irú mìíràn ni.

Ọ̀fun wọn ló là wọ́n níjà. Ti àwọn ńlá lọ tààrà bí ọ̀pá, Ascaridia galli ni wọ́n lóòótọ́. Ti àwọn wẹ́wẹ́ parí sí kókó róbótó kan bí orí ìlẹ̀kẹ̀, ìyẹn sì ń tọ́ka sí Heterakis. Akọ àwọn méjèèjì ní ìfamọ́ róbótó kan níwájú ihò ìdí, nítorí náà ẹni tó bá rí ìfamọ́ yẹn nìkan tó sáré pe orúkọ lè gbé e gba ibòmíràn. Ìfun kékeré adìẹ ni Ascaridia ń gbé, inú ìfun aláìlójú tó pín yà sí méjì lápá ẹ̀yìn ni Heterakis wà. Ẹni tó la adìẹ náà ti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìgò kan.

Ó ku kí n wọn ẹ̀gún akọ. Nínú Heterakis gallinarum, ti ọ̀tún gùn tó mìlímítà 2, ti òsì kò ju nǹkan bíi 0.7 lọ. Mo ka ìlà lórí rúlà inú awò: ti ọ̀tún 80, ti òsì 28. Ìlà kan jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 10 (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), bí mo ṣe kọ ọ́ sára ògiri, nítorí náà mo kọ 0.8 àti 0.28 sílẹ̀. Kò bá Heterakis kankan tí mo mọ̀ mu. Mo wọn akọ mẹ́rin sí i, bákan náà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi gbà pé ẹ̀yà tuntun ni mo rí, mo tilẹ̀ ti ń ro orúkọ tí màá fún un.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì ni mo pín 80 sí 28: ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po 2.8. Mo pín 2 sí 0.7: bákan náà gẹ́ẹ́. Gbogbo ìwọ̀n mi ti kéré ju bó ṣe yẹ lọ lọ́nà kan náà. Aràn kò yí padà, rúlà mi ni kò tọ́. Abẹ́ lẹ́ǹsì 10, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, ni mo ti ṣírò pé ìlà kan jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 10, abẹ́ lẹ́ǹsì 4 ni mo sì ti ń wọn aràn. Níbẹ̀, ìlà kan jẹ́ 25. 80 lọ́nà 25 jẹ́ 2,000, ìyẹn mìlímítà 2 géérégé. Mo padà fi síláìdì onírúlà yẹ lẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo lẹ iye tó jẹ́ mọ́ ara máíkírósíkóòpù, mo sì pa gbogbo ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì rẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Ti ọ̀pọ̀ aràn yìí kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣa onílé tí wọn yóò wọ̀ sí. Ìdí nìyí tí orúkọ ẹran tó wà lára ìgò fi wúlò. Ìdí kan náà nìyí tó fi ń tan ni, torí ẹran kan lè gba aràn mẹ́ta tó jọra lálejò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgò 3: "Toxocara canis, ajá." Aràn mẹ́sàn-án. Mo fẹ́ kọ orúkọ náà sórí ìwé tuntun kí n kọjá lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgò 11 ṣì ń dùn mí, mo bá wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ní ètè ńlá mẹ́ta, ìyẹn àmì ìtò Ascaridida (ìtò, ìyẹn order, ni ẹgbẹ́ ńlá tó kó ọ̀pọ̀ ẹbí aràn jọ). Gbogbo wọn ní awọ tó yọ bí ìyẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì. Nínú méje, ọ̀fun kò já mọ́ ìfun tààrà, kókó kékeré kan dá wọn láàárín. Toxocara nìyẹn. Ìyẹ́ ọrùn wọn gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ká ní ti ológbò ni, Toxocara cati, ìyẹ́ náà ì bá fẹ̀ débi tí orí yóò fi rí bí orí ọfà. Nínú àwọn méjì yòókù, kò sí kókó kankan. Mo yí wọn sọ́tùn-ún, mo yí wọn sósì. Ọ̀fun já mọ́ ìfun tààrà. Ọ̀kan jẹ́ akọ, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín lọ dé ṣóńṣó, kò ní ìka kékeré tó máa ń wà nídìí akọ Toxocara. Mo tú ẹyin inú abo wò: èèpo rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, nígbà tí ti Toxocara ní kòtò wẹ́wẹ́ káàkiri. Toxascaris leonina ni àwọn méjèèjì, aràn tó ń gbé inú ajá, tó sì ń gbé inú ológbò pẹ̀lú.

Ẹ fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí. Èèpo ẹyin ẹbí yìí nípọn débi pé ẹyin Ascaris lè máa dàgbà lọ nínú fọ́málínì tí kò le. Pé ìyá ti kú nínú ìgò kò sọ pé ẹyin ti kú.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkeje

Aràn tútù ni mo rí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n kan náà fi àpò ikùn kẹrin àgùntàn kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní kí n wo ohun tó yẹ kí àwọn tó wà nínú ìgò jọ kí wọ́n tó funfun. Mo là á, mo sì rí ìdí tí wọ́n fi ní kí n wò ó. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún aràn ló so mọ́ awọ ikùn náà, pupa àti funfun lọ́ mọ́ra wọn lára abo kọ̀ọ̀kan bí okùn aláwọ̀ méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó mu ló pọ́n nínú ìfun, ilé ẹyin tó yí ìfun náà ká ló funfun.

Mo ṣà wọ́n sínú omi ẹ̀rọ. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wá ẹ̀mú, nígbà tí mo fi máa padà, wọ́n ti ń bẹ́. Omi lásán wọ ara wọn, ara wú, ìfun sì tú síta láti ojú abẹ́. Omi iyọ̀ ló yẹ kí n lò, iyọ̀ gíráàmù 9 nínú lítà kan. Ìpele kejì ni mo ṣe dáadáa: mo fi omi iyọ̀ ṣàn wọ́n, mo da ethanol 70% tó ti gbóná lé wọn lórí, gbogbo wọn sì na gbọnrangandan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ethanol bá tutù, ṣe ni wọn yóò ká kò, ẹ ò ní lè wọn wọ́n láéláé. Inú abọ́ omi gbígbóná ni kí ẹ ti yá ethanol náà, ẹ má gbé e súnmọ́ iná.

Wàyí o, akọ. Ìtò Strongylida ni aràn yìí wà, akọ ibẹ̀ kò sì ṣeé ṣì mọ̀. Ìrù rẹ̀ là bí agboòrùn, ó ní awọ fẹ́lẹ́ àti àwọn ọ̀pá tó gbé awọ náà dúró. Bí ọ̀pá wọ̀nyẹn ṣe pín, èwo ló gùn, èwo ló tẹ̀, èwo ló dá dúró, òun ni a fi ń ya ìbátan kan (genus, ìyẹn àkójọ àwọn ẹ̀yà tó sún mọ́ra) sọ́tọ̀ lára òmíràn. Mo wá akọ kan tí agboòrùn rẹ̀ là dáadáa, mo gbé e sábẹ́ lẹ́ǹsì 40. Apá ọ̀tún àti apá òsì tóbi. Èyí tó yẹ kó wà láàárín kéré, kò sì sí láàárín: ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀pá inú rẹ̀ sì là sí méjì bí ẹ̀ka rọ́bà tí ọmọdé fi ń ta ẹyẹ. Ẹ̀gún akọ méjèèjì ní ìwọ̀ kékeré kan nítòsí ṣóńṣó. Haemonchus contortus. Kò sí ìbátan mìíràn tó wọ agboòrùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí nínú gbogbo èyí tó wà lórí pẹpẹ mi.

Mo fi í ṣe òdiwọ̀n, mo padà sí àwọn ìgò àgùntàn tó ti pẹ́. Márùn-ún bá a mu. Nínú abo, àwọn kan ní awọ kan tó bo ojú abẹ́ bí ahọ́n, àwọn kan ní kókó lásán, àwọn kan kò ní nǹkan kan. Ẹ má fi ahọ́n yẹn nìkan dájọ́.

Bí a ṣe ń kọ orúkọ náà tún pè fún àlàyé, torí ó dà mí láàmú. Haemonchus contortus (Rudolphi, 1803) ni a ń kọ. Rudolphi ló ṣàpèjúwe ẹ̀yà náà ní 1803, àmọ́ inú Strongylus ló kó o sí. Ní 1898 ni Cobb dá ìbátan Haemonchus sílẹ̀. Àkámọ́ yẹn ló ń sọ pé ẹ̀yà ti kúrò nílé tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Ascaris lumbricoides Linnaeus, 1758 kò ní àkámọ́, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, kò kó kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹsàn-án

Ẹja. Ìgò 19 àti 20 ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀. Aràn inú 20 ti funfun, ṣùgbọ́n ẹnu wọn pọ́n bí igi tí a fi epo pa. Abẹ́ lẹ́ǹsì 10, ẹnu náà di pákó méjì tó dojú kọra bí èèpo ẹ̀pà tí a là, ó ní ìlà tó ń gba gígùn rẹ̀ lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí pákó méjèèjì ti pàdé, igi mẹ́ta kan tú jáde bí àmúga oníyín mẹ́ta. Camallanus ni. Nínú abo kan, ọmọ ló wà níbi tí mo ti ń wá ẹyin, ọmọ tó ti pé, tó ká sínú ara ìyá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí sòbìà. Sòbìà, Dracunculus medinensis, ọmọ ló ń tú sínú omi, kì í yé ẹyin. Ọmọ sòbìà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ inú kòkòrò omi kékeré kan, kó tó dé ara ẹni tó mu omi náà. Ọmọ Camallanus náà gbọ́dọ̀ wọ inú irú kòkòrò omi kan náà kó tó dé inú ẹja. Ẹ̀ka kan náà ni wọ́n wà nínú ìtò Spirurida. Aràn tó ń yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn bí okùn, tí gígùn rẹ̀ ń sún mọ́ mítà kan, ìbátan rẹ̀ rèé nínú ìfun ẹja, kò ju ìbú èékánná lọ.

Ìgò 19 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ aràn ni gbogbo wọn, wọ́n ká bí wáyà inú aago, kò sí akọ, kò sí abo, nítorí wọn ò tíì dàgbà. Ìfun ni mo fi wá wọn. Bí ìfun bá ní ẹ̀ka kan tó padà síwájú, tí kókó ìsàlẹ̀ ọ̀fun sì ní ìrù kan tó lọ sẹ́yìn, a ó wo Contracaecum. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka iwájú nìkan, Pseudoterranova. Tiwọn kò ní ìkankan nínú méjèèjì, kókó gígùn kan nìkan ló wà níbẹ̀, eyín kékeré kan wà lórí, ẹ̀gún kékeré kan sì wà nídìí. Anisakis, ìpele kẹta. Mo dúró síbẹ̀. Láti mọ ẹ̀yà, DNA la ó fi wá a, inú fọ́málínì ni wọ́n sì tọ́jú ìgò yìí sí, fọ́málínì kì í jẹ́ kí DNA ṣeé kà dáadáa. "Anisakis sp." ni mo kọ, ìyẹn ni pé mo mọ ìbátan, mi ò mọ ẹ̀yà, mi ò sì tijú rẹ̀.

Mo gbìyànjú láti gé orí ọ̀kan kí n lè wo ẹnu rẹ̀ láti iwájú. A ó fi bíléèdì ré orí náà kúrò, a ó gbé e dúró nínú gilisẹríìnì tó dì, ètè á wá máa wo ẹni lójú. Orí méjì ló fò lọ sórí tábìlì, mi ò sì rí wọn mọ́ títí dòní. Ìkẹta dúró.

Ọ̀sẹ̀ kẹwàá, pẹpẹ

Báwo la ṣe ń tò wọ́n? Nígbà kan, ẹgbẹ́ ńlá méjì ni wọ́n pín gbogbo aràn yìí sí, wọ́n fi ihò kéékèèké méjì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù pín wọn: àwọn tó ní in, àwọn tí kò ní in. Ní 1998, onímọ̀ aràn Mark Blaxter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi DNA to igi ìran tuntun, ó pín sí ẹ̀ka márùn-ún. Ó sì hàn níbẹ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni aràn gbà dé inú ẹran elégungun ẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ó kéré tán ni wọ́n wọlé, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Haemonchus mi wà lẹ́ka kan náà pẹ̀lú Caenorhabditis elegans, aràn kékeré tó ń jẹ bakitéríà nínú ohun tó ń jẹrà, tí kì í ṣe àfòmọ́ inú ẹran. Trichuris, tí orí rẹ̀ tín-ín-rín bí pàṣán, tí ẹyin rẹ̀ sì ní ìdérí lójú méjèèjì, jìnnà réré sí i.

Mo to pẹpẹ bí igi ìran yẹn ṣe wí, àmọ́ orúkọ ìtò àtijọ́ ni mo kọ síwájú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wá wá aràn nílé yìí, ètè àti agboòrùn ni yóò rí nínú awò, kò ní rí DNA.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá

Lébẹ́ẹ̀lì tuntun: pẹ́ńsù lórí ìwé tó le, inú ìgò ló wà, kì í ṣe ìta. Orúkọ, ẹran, ibi tó wà nínú ẹran náà, ọjọ́ tí wọ́n yọ ọ́ bó bá wà, iye akọ, iye abo. Mo fi gilisẹríìnì 5% kún ethanol, kó lè jẹ́ pé bí ìdérí bá tún jò, aràn kò ní gbẹ pátápátá.

Ìgò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo mọ̀ dé ẹ̀yà. Mẹ́jọ dúró sí ìbátan, mẹ́rin sí ẹbí. Méjì ti fọ́, ọ̀kan jẹ́ ekòló. Mo fi ekòló náà sílẹ̀ lórí pẹpẹ, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ gan-an sára rẹ̀.

Nínú àwọn mẹ́rin tó dúró sí ẹbí, ìgò 29 ló ń dùn mí. Aràn tín-ín-rín bí irun, ogójì, láti inú ìfun àgùntàn. Mo wò wọ́n tán lẹ́ẹ̀mejì. Mo pe ẹ̀gbọ́n, kí n tó là ẹnu ni wọ́n ti ní, "Akọ dà?" Kò sí akọ kankan nínú ogójì. "Trichostrongylidae, abo nìkan," ni mo kọ, mo sì dé e.